Ọjọ́ Tí Apá Fátólú Yẹ̀

Apá kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni. Ìgúnpá kò sì bá ẹnikẹ́ni mu ọmú. Kí ló wá dé tí àwọn àgbà fi sọ wọ́n di ẹbí, tí wọ́n ní, "Apá lará, ìgúnpá nìyekan"? Ìbínú ló bí ọ̀rọ̀ náà, lábẹ́ ọ̀pẹ.

Fátólú ni àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ògúndáre àti Àjàlá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a máa dúró nísàlẹ̀ de ẹyìn. Lọ́jọ́ kan, ó gé ìdì ńlá kan já, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, igbà sì fa apá ọ̀tún rẹ̀ sókè lójijì. Nígbà tí ó fi délẹ̀, apá náà ti ń rọ̀ dirodiro.

Ìyá Ẹfúnyẹlá, arúgbó tó ń to eegun, gbọ́ igbe láti oko ìtòsí, ó sáré dé. Ó tẹ eegun tó dábùú láti ọrùn dé èjìká: kò dá. Ó tẹ eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn: ó pé. Ó ní kí Fátólú fi ìgúnpá kan ìhà. Kò lè kàn án.

"Orí eegun apá ti yẹ̀ kúrò nínú kòtò èjìká. Bí ó bá wú kí a tó dá a padà, ọmọ mi, o kò ní gun ọ̀pẹ mọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá dì í mú kí n fà á!"

Wọn kò wá. Ìdì ẹyìn ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí!" ni Fátólú ké.

"Ṣe sùúrù," ni Ògúndáre dáhùn. "Bí mo bá jù ú sílẹ̀, ọ̀kánjúwà yìí á gbé e sá."

"Ta ni ọ̀kánjúwà?" ni Àjàlá fèsì. "Ẹ̀yin tí ẹ dá jẹ ti àná!"

Inú bí Fátólú. Nítorí wọn ló ṣe gun ọ̀pẹ ọ̀hún. Kò bẹ̀ wọ́n mọ́.

"Ìyá, ẹ so ọwọ́ mi mọ́ ìdí ọ̀pẹ."

Arúgbó so ó. Fátólú pa eyín dé, ó rọra fẹ̀yìn sẹ́yìn bí ẹni tó wà lórí igbà, títí apá fi nà tán. Ìyá fi àtàńpàkò darí eegun. Ó dún kọ́ọ́. Nígbà tí arúgbó tú ọwọ́ náà, ìgúnpá padà wá fara ti ìhà.

Ìgbà náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ó ti wọlé?" ni Ògúndáre wí. "Ó dára. Bó bá san, ìdì méjì ṣì kù lókè."

"Ẹ gun ọ̀pẹ yín fúnra yín!" ni Fátólú jágbe. "Mo ké pè yín, ẹyìn lẹ̀ ń jà sí. Láti òní lọ, apá ni ará mi, ìgúnpá ni ìyekan mi!"

Ìdì méjèèjì jẹrà sórí ọ̀pẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹbí wò níran fi ń ká ẹwù sápá, tó ń kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń wí pé: Apá lará, ìgúnpá nìyekan.