Ọ̀bọ Tó Da Àtíkè Sórí Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò kúrò lẹ́nu mi, ó bà pẹ́ sórí àpótí ìjókòó, ó bá Ọ̀bọ níbẹ̀. Ìbídùn, gbé àbúrò rẹ lẹ́sẹ̀, kó yé sunkún. Bí mo bá dárin, ẹ ó máa gbè é pé, "Kàn án kó le, jókòó ká wò."

Ní ìlú àwọn ẹranko, ọdọọdún ni odò ń gbé ọmọ lọ. Erin, ọba wọn, wá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sétí odò náà, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí a ṣe ń kan afárá. Ó ṣòfin pé, "Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ káfíńtà gbọ́dọ̀ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti da àtíkè sí i lórí níjọ́ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, kó sì súre fún un. Lẹ́yìn náà, yóò kan àpótí níṣojú wa, yóò jókòó lé e. Oúnjẹ tísà ni àgbàdo tútù láràárọ̀."

Àgbàdo yẹn ni Ọ̀bọ gbọ́. Kò gbọ́ ìyókù.

Ọ̀bọ kò kọ́ṣẹ́ rí. Orí ẹ̀ka ló ti máa ń wo Àkókó, ẹyẹ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn káfíńtà, bó ṣe ń gbẹ́gi. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Gbá, gbá, gbá, ó parí." Ó gbé agolo àtíkè ìyàwó rẹ̀, ó dà á sórí, ó kùn ún sójú, ó kùn ún sáyà, ó funfun báláú.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ta ló fún ọ ní fíríìdọ́ọ̀mù?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló gbàdúrà?"

"Èmi náà ni mo gbà á. Èmi náà ni mo ṣe àmín."

Nígbà tó dé iwájú ọba, Àkókó wò ó tìtì. "Ọ̀rẹ́, àtíkè yìí pọ̀ o. Ṣé inú àpò rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ jù ọ́ sí ni?"

"Ọ̀gá mi lawọ́ ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ó ti kú."

Ehoro ní, "Ẹni tí a kò tíì bí kì í kú." Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀bọ gbé òòlù. Gbá, ó lu àtàǹpàkò. Gbá, ìṣó fò sínú igbó. Nígbà tí ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó, ó yọ àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ, ó fi lẹ ẹsẹ̀ àpótí mọ́ pákó ìjókòó rẹ̀. Ó wá fi ojú àpótí nu èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bá dárin sí i:

Ọ̀bọ, ta lọ̀gá rẹ?
*Kàn án kó le, jókòó ká wò.*
Ta ló gbọ́wọ́ lé ọ lórí?
*Kàn án kó le, jókòó ká wò.*
Ọmọ ọlọ́mọ ń bọ̀ lórí afárá.
*Kàn án kó le, jókòó ká wò.*

Ọ̀bọ jókòó. Ẹsẹ̀ àpótí yà gbàgà, Ọ̀bọ ṣubú gbì. Ó fò dìde, pákó tẹ̀ lé e nídìí. Ẹfọ̀n di Ọ̀bọ mú, Ẹkùn di pákó mú, wọ́n fà á, fàààà. Pákó bọ́, gbogbo irun ìdí Ọ̀bọ sì bá a lọ. Ìdí rẹ̀ pá títí dòní.

Erin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀bọ, bó bá jẹ́ afárá ni, tí ọmọ tìrẹ wà lórí rẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀ fún Àkókó. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí síṣẹ́."

Àkókó ní, "Gbé ìgbálẹ̀ ná."

Ọ̀bọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pákó, ó kọ́ṣẹ́ dójú àmì. Níjọ́ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, Àkókó bu àtíkè díẹ̀ sí i lórí, ó súre, ìyàwó Ọ̀bọ sì ṣe àmín tó dún dé òdìkejì odò. Ó di tísà, òun àtàwọn ọmọ kan afárá. Erin ló kọ́kọ́ gun un. Afárá náà kò mì.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí àpótí tí mo jókòó lé yìí yẹ̀ mọ́ mi nídìí. Ẹ wò ó, ó dúró digbí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́. Ọlọ́run ló ń fúnni lẹ́bùn, ṣùgbọ́n ó ń gba ọwọ́ ọ̀gá fún wa ni. Jésù Olúwa pàápàá, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló kọ́kọ́ wà kó tó jáde wàásù. Olúwa yóò fi yín lé ọ̀gá tòótọ́ lọ́wọ́.

Ẹ ṣe àmín o. N kò ní bá yín ṣe é.