Ọjọ́ Tí Ìyá Ìyàwó Tú Oníbodè Wò

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ìwọ tó fara ti ògiri yẹn, ògiri ò ní wó, fi í sílẹ̀ kí o wá jókòó. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, mi ò fẹ́ kí ariwo ẹ̀pà bo ọ̀rọ̀ Ifá mọ́lẹ̀. Etí méjèèjì ni mo fẹ́. Ẹ má fún mi ní ọ̀kan kẹ́ ẹ wá fi ìkejì sílẹ̀ fún fóònù.

Bọ̀dá Kọ́lápọ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fajú ro. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú dé láàárọ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bẹ́líìtì, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ni yóò wá di ṣòkòtò mú?

Bọ̀dá ní ìwọ̀sí ni. Wọ́n ní kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá lára bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá mi. Ẹ kú ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n tú wò láyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín.

Tú-ẹrù-wò-kó-o-tó-wọlé, awo ẹnubodè.
Fọwọ́-bà-á-kó-o-mọ̀-bó-gbóná, awo ẹ̀bá ààrò.
Ẹni-tó-ń-yẹni-wò-kó-jẹ́-á-yẹ-òun-náà-wò, àgbà awo Òkèbẹẹrẹ.
Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wo Ifá fún Ayẹrùwò, oníbodè ìlú Òkèbẹẹrẹ, lọ́jọ́ tó ní òun ń ṣọ́ ẹnubodè bí ojú, iná ṣì ń wọlé mọ́ òun lọ́wọ́.

Òkèbẹẹrẹ, ìlú tó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo òrùlé ibẹ̀, koríko bẹẹrẹ ni. Ààfin ọba, bẹẹrẹ. Ilé ewúrẹ́, bẹẹrẹ. Tí ọyẹ́ bá dé, tí gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, iná tí kò ju èékánná lọ lè jẹ àdúgbò kan tán kí èèyàn tó pariwo omi. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra ni iná jó wọn. Lọ́dún kìíní, ó jó ogún abà iṣu. Lọ́dún kejì, ó jó ọjà. Lọ́dún kẹta, ó jó ilé ìyá arúgbó kan, díẹ̀ ló kù kó jó ìyá náà mọ́ ilé.

Iná ìdáná inú ìlú, inú kòtò ni wọ́n ń dá a, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Iná tó ń ti ìta bọ̀ ni kò sẹ́ni tó ń ṣọ́. Ọba wá pàṣẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé iná gba ẹnubodè wọlé. Ìkòkò tábà tó ń jó, rárá. Ògùṣọ̀, rárá. Ẹyin iná inú àpáàdì tí àwọn obìnrin máa ń gbé ti oko bọ̀, rárá. Ọba ní kí Ayẹrùwò máa tú gbogbo èèyàn wò.

Ha! Ayẹrùwò ṣe é kọjá àṣẹ. Ọdẹ dé, bọ́ fìlà. Àgbẹ̀ dé, bọ́ sálúbàtà. Obìnrin dé, tú gèlè, gbọn ìró. Ó ń fi igi gún ẹ̀kọ inú ewé wò. Ó ní kí bàbá arúgbó kan la ẹnu.

"Ayẹrùwò, ṣé inú ẹnu mi ni iná wà?"

"Baba, mi ò mọ̀. Ẹ là á sí i."

Obìnrin kan dé tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó ní kó sọ ọmọ kalẹ̀.

"Ọmọ oṣù mẹ́ta?"

"Yí i padà, kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Wọ́n yí ọmọ padà. Ọmọ tọ̀ sí i láyà. Ọjọ́ márùn-ún ni ìlú fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú gbogbo Òkèbẹẹrẹ, ọmọ yẹn nìkan ló dá Ayẹrùwò lóhùn bó ṣe yẹ.

Gbogbo ohun tó bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, inú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan ló ń jù ú sí, nínú àtíbàbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Á fi ẹní bò ó. Ó ti dọ́wọ́ oníbodè, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í tú wò. Ìyá Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró ni ìyàwó Ayẹrùwò. Ìyá Àwẹ̀ró ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn odi, ó máa ń sùn sóko, á wá ru agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀lú láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ bó ṣe rí. Ta ló máa sọ fún ìyá tó fi ọmọ fún òun pé kó tú gèlè? Bí Ayẹrùwò bá ti rí i lókèèrè, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Wàá dàgbà, ọkọ ọmọ mi."

Kó tó gbé imú kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, Ìyá ti kọjá.

Àwọn tó tò sẹ́yìn ń wò ó. Wọ́n ní, "Gèlè tiwa ló ní iná. Ti àna rẹ̀, omi ló wà níbẹ̀." Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fo odi. Wọn ò gbé iná o. Ọ̀rọ̀ náà kàn ti sú wọn ni. Nígbà tó pẹ́, ẹni tó gbọ́ràn nìkan ló kù tó ń gba ẹnubodè, òun náà ni Ayẹrùwò ń gún ẹ̀kọ rẹ̀ wò.

Ọyẹ́ kẹrin dé. Iná tún jó. Ilé mọ́kànlá.

Ọba ránṣẹ́ pè é. "Ayẹrùwò, o bá gbogbo ìlú jà, o ò bá iná jà. Bí iná bá tún jó ẹyọ ilé kan kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ìwọ àtìyàwó rẹ, ẹ di ẹrù yín. Ẹnubodè tí ò ń ṣọ́ yẹn náà lẹ máa gbà jáde."

Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú Àwẹ̀ró nígbà yẹn.

Ìyẹn ló gbé Ayẹrùwò dé ọ̀dọ̀ àwọn awo mẹ́ta tí mo dárúkọ. Wọ́n ní kó rúbọ. Adìyẹ méjì, epo, obì, àti ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Wọ́n ní, "Ó ku ẹyọ kan. Láràárọ̀, kí o tó fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tú ìwọ náà wò lójú gbogbo ayé. Ẹni tí o ò tú wò rí ni kó kọ́kọ́ tú ọ."

Ayẹrùwò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin baba, ìyẹn kì í ṣe ẹbọ. Ẹ̀sín ni."

Àgbà awo ní, "A ò sọ pé kì í ṣe ẹ̀sín."

Ó rú adìyẹ. Ó da epo. Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó fi ìyókù sílẹ̀, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ keje, iná ràn mọ́ òrùlé ilé ìdáná kan nítòsí ẹnubodè. Wọ́n tètè pa á, ṣùgbọ́n ilé ìdáná lọ. Àwọn ìjòyè wá jókòó sí ààfin, wọ́n ń jiyàn: ilé ìdáná, ṣé ilé ni àbí ilé kọ́? Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́ sí Ayẹrùwò lọ́la.

Ó délé, ó bá Àwẹ̀ró tó ń di ẹrù.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń di ẹrù wa. Àbí ẹ fẹ́ kí n dúró, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú u wò?"

Ayẹrùwò jókòó sílẹ̀. Ó wá sọ ẹyọ kan tó kù fún un, èyí tó ti gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Àwẹ̀ró gbé ìdì aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ kí n bímọ sínú igbó?"

"Àwẹ̀ró, ìyá rẹ ni o! Kí ìyá ìyàwó mi máa fọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi?"

"Wọ́n ti rí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá jó nílé wa."

Ilẹ̀ mọ́. Èrò kún ẹnubodè. Ìránṣẹ́ ọba náà ti dé, ó fara ti ògiri, iṣẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró yọ tòun tagbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Ayẹrùwò dọ̀bálẹ̀. Ìyá fẹ́ kọjá bí ìṣe rẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn láti inú iyẹ̀pẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Ìyá dúró. Gbogbo èrò dúró. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu, òun náà dúró.

"Ẹ tú mi wò."

"Kí ló ṣe ọ́? Ṣé oorun ò tó ọ ni?"

"Ifá ló ní kẹ́ ẹ tú mi wò, Ìyá. Lójú gbogbo ayé."

Ìyá rọra sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó wòkè, ó wolẹ̀. "Ó dáa. Ẹ gbọ́ o, Ifá ló sọ ọ́, èmi kọ́." Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀! Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú.

"Bọ́ fìlà." Ó bọ́ ọ.

"Bọ́ sálúbàtà." Ó bọ́ ọ.

"La ẹnu." Bàbá arúgbó ọjọ́sí wà láàárín èrò, ó kígbe pé, "Ẹ ní kó là á sí i, Ìyá!"

Ìyá fọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ó mú obì kan jáde. Ó mú okùn jáde. Ó mú ìlàjì àkàrà jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. "Ìwọ tí ọmọ mi ní o ò lè jẹun láti ọjọ́ yìí nítorí ìbànújẹ́!"

Ẹnubodè bú sẹ́rìn-ín. Ayẹrùwò pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá ò tíì ṣe tán. "Àtíbàbà rẹ ńkọ́? Ṣé òun ò ń gbé ẹrù ni?" Ó wọnú rẹ̀. Ó ká ẹní kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ ńlá. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Omi! Ẹ gbé omi wá!"

Èéfín ló ń yọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tábà kan tí Ayẹrùwò gbà lọ́wọ́ àlejò nírọ̀lẹ́ àná, kò pa iná inú rẹ̀ kó tó jù ú síbẹ̀. Iná ti ń jẹ ògùṣọ̀ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní tirẹ̀, láti ìta ló ti ń fẹ́ wọ̀lú, orí àtíbàbà yẹn ló sì ń gbà kọjá. Wọ́n da omi sí i, ìkòkò omi mẹ́ta, kó tó kú. Gbogbo èèyàn wo apẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo òrùlé ìlú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

Ayẹrùwò tún dọ̀bálẹ̀, ó kọjú sí gbogbo èrò. "Iná tí mo ń wá lára yín, èmi gan-an ni mo ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tú mi wò."

Bàbá arúgbó ọjọ́sí ló fà á dìde. Ó ní, "O ṣeun, ìwọ náà. Bí o ò bá gba iná yẹn, inú ilé ẹnì kan ni ì bá ti jó. Gbígbà tí o gbà á dáa. Ibi tí o jù ú sí ni kò dáa. Ẹnu mi tí o sì ní kí n là, ìyẹn ò dáa rárá."

Ìránṣẹ́ ọba ò jẹ́ iṣẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó padà sí ààfin, ó ròyìn. Ọba ní kí wọ́n tú ẹrù Àwẹ̀ró palẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ayẹrùwò ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú wò láràárọ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ló ń tú àwọn obìnrin wò, lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta. Ohun tí wọ́n bá gbà, inú odù omi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Wọn ò gún ẹ̀kọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sẹ́ni tó ń fo odi mọ́; àwọn obìnrin tilẹ̀ ń tú gèlè láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń ṣeré bọ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilé kankan ò jó. Àwẹ̀ró bímọ sínú ilé ara rẹ̀, lábẹ́ òrùlé bẹẹrẹ. Ayẹrùwò gbọ́mọ jó. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo, àwọn awo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ó ní adìyẹ tí òun fi rúbọ dun òun díẹ̀. Ó ní ìtìjú tí òun fi rúbọ ló gba òun là.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí. Tí Ifá bá ní ká rúbọ, ká rú u tán. Ká má ṣa èyí tó rọrùn nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbà wá nímọ̀ràn, ká gbà á, pàápàá èyí tó bá ń kan wá lára. Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, ẹ máa bọ́ bàtà. Nínú àwọn tó ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kò sẹ́ni tí òórùn ẹsẹ̀ yín wù. Ọkọ̀ òfurufú gbé yín lọ, ó gbé yín bọ̀, ẹ wà láàárín wa níbí, ẹ ń fajú ro. Ọpẹ́ ni! Ẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kú iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá kí wọn tán, ẹ fi ẹ̀rín bi wọ́n pé: ẹ̀yin ńkọ́, ta ló tú yín wò láàárọ̀ yìí?

Ẹ dúró. Ẹ má tíì dìde, mo fẹ́ gbàgbé ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa iná inú apẹ̀rẹ̀ yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti kọjá tán, Ìyá Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rù, ó fẹ́ máa lọ. Ayẹrùwò dọ̀bálẹ̀, imú nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ku agbọ̀n yín."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lókè. Ìkòkò tábà Ìyá ló wà nísàlẹ̀, iná sì wà nínú rẹ̀.