Okùn tí Wọ́n Ta sí Pápá Lápàdé

Láyé àtijọ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lápàdé wà ní etí ọ̀dàn. Màlúù méjìlá ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́ràn wọn débi pé Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, màlúù ni yóò kọ́kọ́ fà jáde. Ìsúná, ìlú àwọn tí ń yọ́ irin, kò jìnnà sí wọn. Wọ́n ti gé gbogbo igi wọn fi sun èédú tán, èéfín ìléru wọn sì bo gbogbo agbègbè náà. Àyọ̀ká ń húkọ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ọjọ́ kan, Ògúnrìndé, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ Ìsúná, wá bá Lápàdé.

"A ti pa igbó tiwa," ni ó wí. "Fi ìlàjì pápá rẹ sílẹ̀ fún ọdún méje, kí a gbin igi sí i, kí koríko ibẹ̀ sì ga. Àwọn ni yóò máa gbé èéfín wa mì. Lọ́dọọdún, a ó máa fún ọ ní ọkọ́ àti àdá tí yóò tó ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ lò."

Lápàdé wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọkọ́ tuntun tí Ògúnrìndé mú wá, tí ń kọ mànà, ó gbà. Fúnra rẹ̀ ni ó ta okùn la pápá náà já, tí ó sì fi àalè kọ́ ọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ so àalè kò gbọdọ̀ tú u kí àdéhùn tó pé.

Nígbà tó di ọdún kẹta, igi ti ń ga, ikọ́ Àyọ̀ká sì ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlàjì pápá tó kù kò bọ́ màlúù yó mọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, méjì kú. Àwọn yòókù dúró sídìí okùn, wọ́n na ọrùn sí koríko tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ. Lápàdé kò lè jókòó. Bó bá bu òkèlè kan, á dìde. Bó bá dé ìdí okùn, á gbé àdá sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àánú ẹran rẹ̀ ń ṣe é, ojú àdéhùn sì ń tì í.

Ògúnrìndé náà kò gbádùn. Ẹ̀rù ń bà á pé màlúù yóò já wọlé jẹ igi tí gbogbo Ìsúná fi irin wọn rà. Ojoojúmọ́ ni òun àti ajá rẹ̀ ń wá ṣọ́ okùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń wo ara wọn láti ìhà kìíní sí ìkejì okùn, àṣá já wálẹ̀ lé adìyẹ Àyọ̀ká. Adìyẹ fò, ó bà lé okùn. Okùn ń fì síwá sẹ́yìn, adìyẹ ń na ìyẹ́ apá kó má baà ṣubú. Pátákò màlúù wà níhìn-ín, ajá wà lọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Lápàdé wí, omi ti lé sí i lójú. "Èmi rèé lórí okùn yín."

Ògúnrìndé mí kanlẹ̀. "O rò pé ó rọrùn fún okùn? Èmi ni okùn náà."

"Ẹ jẹ́ ká tú u nígbà náà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Lápàdé gbé àdá sókè. Nínú ilé, Àyọ̀ká húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lápàdé sọ àdá kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ń rántí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.