Ohun Tó Mú Kí Tiráfíkétọ̀ Máa Ṣẹ́jú Wéréwéré

Nígbà láéláé, irin máa ń sọ̀rọ̀, wáyà sì máa ń gbọ́ èdè. Kì í ṣe láéláé àwọn baba ńlá wa tó ń gun ẹṣin ni mò ń wí o. Láéláé ọkọ̀ ni, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì, tí awakọ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì.

Ní ìgbà náà, tiráfíkétọ̀ kò mọ ìkánjú. Ẹ mọ tiráfíkétọ̀, àbí? Iná tí awakọ̀ máa ń tàn nígbà tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì ni. Á tàn, á kú. Á tàn, á kú. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń ṣe é, bí ẹni tó jẹun yó tó ń mí. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i kó máa ṣẹ́jú wéréwéré rí.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Fílásà. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó sì ní igun bí àpótí kékeré. Inú òkùnkùn ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni ilé rẹ̀. Kò rí títì rí. Kò rí oòrùn rí. Bí awakọ̀ bá ti tẹ ọ̀pá tiráfíkétọ̀, Fílásà á ṣílẹ̀kùn kí iná kọjá, á tún tì í. Kẹ́... kẹ́... kẹ́...

Fílásà ní ọkọ. Gílóòbù ni orúkọ rẹ̀. Apá òsì ní ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni Gílóòbù ń gbé, nínú ilé onígíláàsì. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló wà ní àwọn igun yòókù. Tọkọtaya yìí kò fojú kan ara wọn rí. Wáyà kan ló gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá tó so wọ́n pọ̀.

Báwo ni ẹni tí kò rí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ó wà láàyè? Gílóòbù máa ń mu iná, ó sì máa ń mu ún gan-an. Bí Fílásà bá ti ṣílẹ̀kùn, Gílóòbù á fa wáyà náà gidi, bí ẹni tí òùngbẹ gbẹ. Tí ara rẹ̀ bá gbóná tán, á wá dẹ ọwọ́ díẹ̀. Fílásà á mọ ìfà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wáyà bá le báyìí ni ohùn máa ń gbà á kọjá. Bí wáyà bá dẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í débẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀."

"Kí lẹ rí lónìí?"

"Màlúù ló ń sọdá títì. Darandaran wọn dé fìlà koríko. Àwọn òkè Ìgbẹ́tì ti ń jìnnà sí wa, wọ́n dà bí àwọn àgbà tó jókòó."

"Ó wù mí kí n rí i," ni Fílásà máa ń wí. "Ó wù mí kí n rí yín pàápàá. Báwo lẹ ṣe rí?"

"Mo rí roboto," ni Gílóòbù á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe láti Ìgbẹ́tì dé Kíṣì, láti Kíṣì padà sí Ìgbẹ́tì, nítorí ọ̀nà yẹn ni Láṣebìkan, tó ni ọkọ̀ náà, fi ń kó èrò.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ kò dùn sí Gílóòbù. Bátìrì ni. Bátìrì ló ń gbé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ni gbogbo iná tí wọ́n ń mu nínú ọkọ̀ náà. Àgbàlagbà tó máa ń kùn ni.

"Gílóòbù, ìmukúmu rẹ ti pọ̀ jù!" ni ó kígbe lọ́jọ́ kan. "Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí mò ń fún ọ, ooru lásán lo fi ń ṣe. Ìwọ̀nba díẹ̀ lo fi ń tàn."

"Ẹ má bínú, bàbá," ni Gílóòbù dáhùn. "Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn."

Bátìrì kò gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Láṣebìkan yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mi ò ṣe mọ́," ni Bátìrì wí. "Lọ wá ẹni tí kì í mu iná nímukúmu wá rọ́pò Gílóòbù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kíṣì."

Láṣebìkan bẹ̀ ẹ́ títí tí Bátìrì fi gbà láti ṣiṣẹ́. Bí ó ti dé Kíṣì, ó lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Wọ́n fi gílóòbù ìgbàlódé kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlíídì hàn án. Ẹlíídì pẹ́lẹ́ńgẹ́, ara rẹ̀ tutù, ó mọ́ yòò. Bíńtín ni ó ń mu, ṣùgbọ́n bí ó bá tàn, ojú ò ṣeé gbé sí i.

"Màá fi ti ẹ̀yìn lápá òsì yìí dán an wò ná," ni Láṣebìkan wí.

Kò sí ẹni tó sọ fún Fílásà.

Láṣebìkan ṣí ilé onígíláàsì náà, ó di Gílóòbù mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí n dágbére fún ìyàwó mi!" ni Gílóòbù kígbe.

Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti kúrò níbi tí wáyà wà. Ohùn rẹ̀ kò lè dé ibi kankan mọ́. Láṣebìkan ti ń wo ìmọ́lẹ̀ Ẹlíídì, kò fetí sílẹ̀. Gílóòbù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sórí òkúta. Kò fọ́, ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ já. Láṣebìkan gbé e, ó mì ín, ó gbọ́ tí nǹkan ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ó jù ú sí àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó fi Ẹlíídì sí àyè rẹ̀, ó sì kó èrò.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà kan ti yà sósì lọ sí abúlé Ìyá Àkànkẹ́. Ìyá Àkànkẹ́, tó wà lára èrò, ló jókòó níwájú, ó gbé abọ́ òrí lé itan. Láṣebìkan tẹ ọ̀pá tiráfíkétọ̀.

Fílásà ṣílẹ̀kùn. "Ọkọ mi, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

Wáyà dẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fà á.

Fílásà ti ilẹ̀kùn kíákíá, ó tún ṣí i. "Ọkọ mi?"

Kò sí nǹkan kan.

"Ọkọ mi! Gílóòbù! Ẹ dá mi lóhùn!" Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń ṣí i, ó ń tì í. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ irú rẹ̀ láyé.

Ní ìdí ọkọ̀, Ẹlíídì gbọ́ bí iná ṣe ń já lù ú. Ẹ̀rù bà á. "Mo wà ńbí, ìyá!" ni ó ń ké. "Mo wà ńbí, mo ń tàn!" Ó gbìyànjú kí ó fa wáyà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò gbé e. Bíńtín tó ń mu kò lè mú wáyà le. Ohùn rẹ̀ kò kọjá búùtù.

Ọkọ̀ ńlá kan tó kó iṣu ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Awakọ̀ rẹ̀ rí iná tó ń ṣẹ́jú wéréwéré níwájú. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé wáyà ló já tó ń kan irin, kò mọ̀ pé ẹni iwájú fẹ́ yà. Ó bọ́ sí apá òsì láti kọjá, àsìkò yẹn gan-an ni Láṣebìkan ń yà sósì.

"Yéè!" ni Ìyá Àkànkẹ́ ké.

Láṣebìkan já sítíárìn, ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú oko gbágùúdá. Ọkọ̀ oníṣu kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn vùùù. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n òrí ti dà sí gbogbo ara Ìyá Àkànkẹ́.

"Láṣebìkan," ni ó wí, "ìwọ ni mo máa ń wọ ọkọ̀ rẹ nítorí pé o kì í sáré. Kí ló kó sí ọkọ̀ yìí?"

Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, Fílásà ṣì ń pè: kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́!

Wọ́n ti ọkọ̀ jáde. Láṣebìkan wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ bá Ràímì, ríwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi òrí ní Ìgbẹ́tì. Ràímì tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì gbé etí sí i.

"Láṣebìkan, obìnrin yìí ń sunkún," ni ó wí. "Kí lo ṣe fún un?"

"Gílóòbù kan ni mo kàn pààrọ̀, bọ̀dá."

"Ọkọ rẹ̀ ni o yọ. Níbo ló wà?"

Láṣebìkan ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú Gílóòbù jáde. Ràímì gbé e sókè síbi oòrùn, ó wò ó pẹ́.

"Okùn inú rẹ̀ ti já," ni ó wí. "Kò lè tàn mọ́ láéláé."

Fílásà gbọ́. Kẹ́kẹ́kẹ́ rẹ̀ dúró.

Láṣebìkan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Fílásà, mi ò mọ̀ rárá."

Ràímì ní, "Ọ̀nà kan wà o. A lè yọ òun náà. Fílásà tuntun wà tí kì í béèrè ẹni tó ń fa wáyà. Á kàn máa ṣílẹ̀kùn, á máa tì í, bóyá ẹnì kan wà ńbẹ̀ tàbí kò sí."

"Ẹ yọ mí," ni Fílásà wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí bí ó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wa síbì kan náà."

Omi bọ́ lójú Láṣebìkan. "Rárá, bọ̀dá. Mo ti yọ ẹnì kan láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Mi ò ní yọ ẹlòmíì."

Ràímì mú Fílásà jáde díẹ̀ kúrò nínú òkùnkùn rẹ̀. Ó gbé Gílóòbù síwájú rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Fílásà rí ìmọ́lẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo gíláàsì rẹ̀ tó ti dúdú díẹ̀ lókè nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó fi tàn.

"Roboto ni lóòótọ́," ni ó wí.

Wọ́n fi í sílẹ̀ kó wò ó títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà náà ni ohùn kan jáde nínú agolo tí Ràímì ń kó àwọn irin tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sí. Rẹsísítọ̀ ni. Irin kúkúrú tó ní ìlà lára ni, wáyà kan ní orí, wáyà kan ní ìdí. Àmuṣòfò ni àwọn irin yòókù ń pè é, nítorí pé ó ń mu iná ṣùgbọ́n kò lè tàn.

"Mi ò lẹ́wà," ni Rẹsísítọ̀ wí. "Mi ò rí títì, mi ò lè sọ ìtàn màlúù fún un. Ṣùgbọ́n mo lè fa wáyà. Ẹ gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun yẹn. Kí òun máa tàn, kí n máa fà."

Bátìrì gbọ́, ó kùn. "Iná tí Ẹlíídì bá mi tọ́jú náà ni ẹ fẹ́ gbé fún Àmuṣòfò yìí?"

"Ìgbà tí a bá fẹ́ yà nìkan ni, bàbá," ni Láṣebìkan wí. "Ẹ̀yin lẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà."

Ojú ti Bátìrì. Ó gbà.

Ràímì so wáyà kan lára Rẹsísítọ̀ mọ́ wáyà tó ń gbé iná lọ fún Ẹlíídì, ó so èkejì mọ́ irin bọ́dì ọkọ̀. "Màá dè ọ́ mọ́ irin gan-an," ni ó wí fún un. "Mi ò ní jẹ́ kó o kan rọ́bà, mi ò sì ní jẹ́ kó o kan wáyà míì. Ooru tó máa jáde lára rẹ á pọ̀."

"Mo ti gbà á," ni Rẹsísítọ̀ dáhùn.

Láṣebìkan tẹ ọ̀pá tiráfíkétọ̀. Fílásà ṣílẹ̀kùn. Wáyà náà le.

Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ òun. Ìfà Gílóòbù máa ń le lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà á wá dẹ̀. Ọ̀kan náà ni ìfà ti èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, ẹnì kan wà ńbẹ̀. Ó sì gbọ́ ohùn kékeré kan tó gba inú wáyà kọjá. Ẹlíídì ni: "Ìyá, mo wà ńbí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè yín."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni Fílásà wí. Kẹ́... kẹ́... kẹ́...

Kí wọ́n tó dá dáṣíbọ́ọ̀dù padà, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan.

"Wọ́n yọ ọkọ mi, n kò sì mọ̀. Láti òní lọ, ìgbàkígbà tí n kò bá rí ẹni fa wáyà, n kò ní dákẹ́. Màá máa sáré pè, títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Àwọn ọmọ mi náà yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni tiráfíkétọ̀ ti ń ṣẹ́jú wéréwéré bí gílóòbù kan bá jó, tàbí bí wọ́n bá fi ẹlíídì rọ́pò rẹ̀ tí wọn kò fi rẹsísítọ̀ tì í. Láti ọjọ́ náà ni rẹsísítọ̀ ti ń gbóná bí ìkòkò orí iná, tí àwọn ríwáyà sì ń dè é mọ́ irin níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní kàn án.

Nítorí náà, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹ gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má bínú sí i. Ẹnì kan ló ń pè, ẹni tí wọ́n ń pè kò sì tíì dáhùn.