Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Tètè Yẹ Fáànù Bàálù Tó Ń Ta Òkìtì Wò

Nígbà láéláé, kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú yín tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú, àwọn bàálù àti fáànù wọn máa ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, wọ́n tiẹ̀ gbọ́n jù ẹ́ lọ.

Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ fáànù iwájú wọn nígbà náà, èyí tó ń yí fìrìfìrì tó ń fa bàálù lọ sókè. Igi sì lè sán nínú kí ojú má rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ Àkókó fi jẹ́ olùyẹ̀wò. Á fi ẹnu gbá fáànù, á dẹ etí. Tó bá dún kó, ara rẹ̀ le. Tó bá dún pọ̀ọ̀, ó ti sán.

Àmọ́ Àkókó ní òfin kan: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn, ẹ̀yìn ló máa dúró sí.

Fáànù kan tó ń jẹ́ Ààjà ni wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn. Iwájú bàálù kékeré tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wà ni wọ́n dè é mọ́. Bàálù ọ̀hún kì í rìn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Á dorí kodò, á já wálẹ̀ bí òkúta, á tún ṣẹ́rí sókè lójijì. Gbogbo ẹranko á máa pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún Ààjà? Kò sẹ́nì kankan! Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí bàálù bá ṣẹ́rí, ìdí Ààjà ni wàhálà ń já lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí nǹkan ń ta òun nídìí.

"Bàbá Àkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ mí wò."

"Ṣé ó ti kàn ẹ́ ni? Ṣé o ò rí i pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń tọ́jú?"

Jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n tó ń wí, àgbà gbogbo fáànù. Iṣu ni bàálù tiẹ̀ ń kó. Ó ń lọ tààrà, ó ń bọ̀ tààrà, bí ẹni tó sùn sórí ẹní. Ó nà gbalaja, Àkókó ń fi òróró pa á lára.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò láìpẹ́ yìí kẹ̀!"

"Ó tún ti kàn wọ́n ni."

Jẹ́jẹ́ yán. "Àbúrò, ṣe sùúrù. Iye wákàtí tí mo lò lókè náà nìwọ náà lò."

Ààjà figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o! Ẹ sùn nínú wákàtí tiyín ni! Orí kodò lèmi wà nínú tèmi!"

"Ẹ gbọ́ ọmọ àná!" Àkókó kígbe. "Ó ń bá àgbà du ipò!"

Ni àwọn ẹranko tó wá wòran bá bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀lẹ! Aláìlẹ́kọ̀ọ́!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń de bẹ́líìtì ní tiẹ̀. "Ààjà, jàre, jẹ́ ká lọ. Èrò ti pé."

Ààjà gbé e mì, ó yí. Kì í ṣe pé ó gbà fún wọn o. "Aláìlẹ́kọ̀ọ́" yẹn ló dùn ún.

Òkìtì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ṣẹ́rí sókè, pàà! Ẹ̀là igi kan fò lára Ààjà. Bàálù ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ààjà di ara rẹ̀ mú gírígírí. Ó ń sọ lọ́kàn pé, "Tí mo bá já báyìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ kú nìyẹn. Wọ́n á sì ní èmi ni mo pa á!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ó rọra darí bàálù, wọ́n sì já gbì sínú oko ẹ̀gẹ́ kan. Wọ́n fà wọ́n padà sí pápá. Ẹ mọ ohun tí Àkókó kọ́kọ́ sọ?

"Fáànù burúkú! Ẹ gé e fi dáná!"

"Ẹ gé ta ni?" Ohùn Ààjà gba gbogbo pápá. "Èmi tí mo pè yín láàárọ̀? Èmi tí ẹ ní kò tíì kàn? Ẹ gbá mi wò báyìí, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Àkókó gbá a nídìí. Pọ̀ọ̀. Ó gbá Jẹ́jẹ́. Kó!

Ọ̀kẹ́rẹ́ ju bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò wọ bàálù yìí mọ́ láé," ó ní, "àfi tí Àkókó bá kọ́kọ́ gbá Ààjà."

"Òfin wá ńkọ́?" Àkókó ń kùn. "Ṣé kí n fo àgbà ni?"

Jẹ́jẹ́ ò yán mọ́. "Èmi ni àgbà yẹn. Èmi ni mo ní kí ẹ fò mí. Mo ń gba òróró, ọmọ ọlọ́mọ ń sán."

Láti ọjọ́ náà ni Àkókó kì í ti í bi fáànù léèrè ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ mọ́. Ohun tó ń bi í ni pé, "Kí lo lọ ṣe lókè?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tú fáànù bàálù tó ń ta òkìtì wò, tipẹ́tipẹ́ kí ti èyí tó ń lọ tààrà tó kàn.

Wọ́n fi àtè lẹ Ààjà, wọ́n dè é, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun gbọ́.

Ẹ dẹ etí yín dáadáa o. Òun gbọ́ ló wí. Kò ní òun dárí jì wọ́n.