Télọ̀ Tí Ó Ń Jí Ẹrù Ara Rẹ̀ Kó

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ránṣọ ní àdúgbò kan tí àwọn ilé ibẹ̀ kọjú síra wọn, tí ènìyàn kò lè sín kí ará òdìkejì má kí i. A kò bí i síbẹ̀. Àjèjì ni nígbà tí ó dé, òun àti ìyàwó tó lóyún àti maṣíìnì ìránṣọ kan. Ìyá onílé gbà wọ́n sí yàrá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí tí ọ̀rọ̀ náà sì le, àwọn ọkùnrin àdúgbò ni wọ́n fi àga gbé e dé ilé ìwòsàn. Opó kan tí ó ń lọ ata níwájú ilé ni ó wẹ ọmọ náà títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Aṣọ tí télọ̀ yìí kọ́kọ́ rán níbẹ̀, apá kan gùn ju èkejì lọ. Ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Ọlọ́run ṣe é, ó kọ́ ilé kékeré kan sí òdìkejì ìlú. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rù ni ó bà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó dá ẹ̀rù náà sílẹ̀. Ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Baba kan wà tó pariwo pé òun ń kó lọ sílé òun. Ibo ló wà báyìí?" Télọ̀ kò mọ baba náà, kò sì béèrè. Ẹni tí ẹ̀rù bá ti mú kì í béèrè ẹ̀rí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ó fi àpò bo odó, ó gbé e jáde, ó ní òun fẹ́ lọ tún ìdí rẹ̀ gbẹ́. Lọ́la, ó ká ẹní mọ́ abẹ́ apá. Nígbà mìíràn, àga ni, tàbí ìkòkò. Bí wọ́n bá kí i lọ́nà, á dáhùn, á sì sáré kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ó bi í léèrè pé, "Bàbá Àjọkẹ́, ta ni ẹ ní kí n má dágbére fún gan-an? Ṣé ìyá tó wẹ ọmọ mi ni?"

"Bá mi pa ẹnu ẹ mọ́," ni ọkọ dáhùn. "Ojú lásán lo rí, o ò rí inú."

Nígbà tí ó yá, ó gbé maṣíìnì náà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìwà àwọn ènìyàn ti yí padà sí i. Ẹni tí ó máa ń bá a ṣàwàdà ń wo ilẹ̀ bí wọ́n bá pàdé. Àwọn ọkùnrin kan a máa dúró lábẹ́ igi ọ̀dán, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ó bá sì yọ sí wọn, wọ́n á dákẹ́. Opó aláta bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ wá láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ìnáwó. Á ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ẹ jẹ ẹ́ tán." Ta ni ń bẹ ènìyàn pé kí ó jẹun tán, bí kò bá ní ohun tí ó fi sí i? Télọ̀ á gbà á, á dúpẹ́ lẹ́nu, á sì lọ dà á sí ẹ̀yìnkùlé fún adìẹ. Àwọn adìẹ náà kò kú. Ìyẹn tún wá já a láyà jù. Ó ní oògùn náà mọ orúkọ ẹni tí wọ́n fi rán an sí.

Ó rù. Oorun kò kùn ún mọ́. Ọ̀sán gangan ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ rẹ̀, á lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì yẹ ara ọmọ náà wò bóyá wọ́n ti fi nǹkan pa á lára. Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì rọra sọ pé, "Ohun tí ò ń fi pa mọ́, gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Fọkàn balẹ̀."

Télọ̀ yọ èjìká rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá náà. Wọ́n ti mọ̀! Ọjọ́ náà gan-an ni ó lọ bá awakọ̀ akẹ́rù pé kí ó wá ní ìdájí ọ̀la.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, kí ọkọ̀ tó dé, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. Ó yọjú níhò fèrèsé. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Àwọn ọkùnrin gbé ohun wúwo kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, bí ẹni gbé òkú. Opó aláta ń tẹ̀ lé wọn, ó ń nu ojú. Télọ̀ ti ìyàwó àti ọmọ sẹ́yìn, ó sì fa àdá yọ lábẹ́ ibùsùn. Ó ń rò pé ọjọ́ ikú òun àti ti ọmọ òun ló dé yìí.

Wọ́n rọra kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Àjọkẹ́, ṣílẹ̀kùn. Àwa ni."

Ó ṣí i pẹ̀lú àdá lókè.

Kò sí ẹni tó sá. Ìyá onílé wo àdá, ó wo ojú rẹ̀, ó sì yára yí padà, ó ń wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn ara rẹ̀. "Ta ló ń lé ọ?" ni ó béèrè. "Ibo ló wà? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, ẹ dúró síwájú rẹ̀!"

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, aṣọ funfun sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ ni. Ti ọkọ opó náà ni, télọ̀ ni òun náà nígbà ayé rẹ̀, obìnrin yìí kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti ń rí odó tó ń lọ, wọ́n rí ẹní, wọ́n rí àga. Wọ́n rò pé ebi ló ń mú kí ó ta ẹrù ilé rẹ̀ jẹ. Nígbà tí maṣíìnì náà lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Bí wọn yóò ṣe ràn án lọ́wọ́ tí ojú kò fi ní tì í ni wọ́n ń gbèrò lábẹ́ igi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ní ìdájí, kí àwọn tó ń kọjá má baà rí i.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ télọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Opó náà ni ó sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn.

"A rò pé ebi ni," ni ó wí. "A ò mọ̀ pé àwa ni ẹ̀rù ń bà yín."

Ọkọ̀ dé. Àwọn kan náà ni wọ́n bá a di ẹrù tó kù. Ìyá onílé ṣàdúrà fún ilé tuntun tí télọ̀ kò jẹ́ kí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Télọ̀ fẹ́ dúpẹ́. Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé lára àga tí wọ́n fi gbé aboyún ni, tàbí lára oúnjẹ tí adìẹ jẹ? Ọkọ̀ gbéra, kò tíì rí i sọ. Ilé tuntun náà dára, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Adéṣọkàn, o ti gbọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ò ń kó lọ. Ìdì kéékèèké tí ìyàwó rẹ ń gbé gba ẹ̀yìn ilé lọ ni mo rí. N kò ní purọ́ fún ọ pé kò sí ìkà láyé. Mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí, bi í léèrè ọ̀rọ̀: ta ni ó rí? Kí ni ẹni náà ṣe? Bí kò bá rí ẹnì kan dárúkọ, ìwọ dárúkọ àwọn tó gbé ọ dúró níbí, ìwọ yóò rí i pé wọn kò ṣe é kà tán. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣe ènìyàn lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Lọ láti ojúlé dé ojúlé, kan ilẹ̀kùn, dọ̀bálẹ̀, sọ oore tí ẹni náà ṣe ọ́ gan-an, kí o sì dágbére. Àyà rẹ yóò máa já. Jẹ́ kí ó máa já, kí ẹnu rẹ ṣáà sọ ọ́.

Ará àdúgbò ni èmi náà. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.