Àká Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Àlọ́ o.
Àlọ̀ o.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òòrẹ̀ àti èbù iṣu ìlú ẹranko. Èbù náà, ti gbogbo wọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ a mú un gbìn. Bó bá kórè, a dá èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ padà.

Ẹkùn wá kọ́ àká onípáànù. Ó ní, "Ẹ kó èbù yín wá síbí. Ọ̀fẹ́ ni."

Òòrẹ̀ bi í pé, "Bàbá, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ẹ̀gún ẹ̀yìn Òòrẹ̀ dìde. "Tèmi ò ní í wọ ibẹ̀."

Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n kó tiwọn lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, Ẹkùn ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n tó mú èbù. Wọ́n kúnlẹ̀. Ọdún kejì, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ro oko òun. Wọ́n ro ó. Ọdún kẹta, ó tilẹ̀kùn pa, ó ní tòun ni gbogbo rẹ̀.

Òòrẹ̀ pín èbù tirẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣọ̀wẹ̀, wọ́n fi koríko kọ́ àká, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àká ta ni?
Àká gbogbo wa.
Bó bá jò ńkọ́?
Àwa la ó bò ó.

Ẹkùn wá wò ó. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ dà?"

Òòrẹ̀ ní, "Kò ní. Ẹ wọlé, Bàbá, kí ẹ mú èbù tiyín. Ṣùgbọ́n a ò kúnlẹ̀ mọ́."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí.